Iná Iwájú Jíìpù: Láti Ayé Kábáàdì dé Ayé LED

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń fi jíìpù rin ọ̀nà oko, ọ̀nà igbó àti ọ̀nà tí kò rí ọ̀dà rí: ṣé kí wọ́n yọ iná halogen tó bá ọkọ̀ wá, kí wọ́n fi LED rọ́pò rẹ̀? Ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ìdáhùn kì í pẹ́ jáde: LED mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ fi sí i. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni. Ẹni tó bá tọpa ìtàn iná ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé gílóòbù nìkan kọ́ ló ń tan ọ̀nà. Ilé tí iná ń gbé, ìyẹn awo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, òun ló ń pín ìmọ́lẹ̀ kiri. Ìgbàkígbà tí iná tuntun bá dé, àfi kí wọ́n kọ́ ilé tuntun fún un kó tó wúlò. Níbi tí wọ́n bá ti ki iná tuntun bọ ilé àtijọ́, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló ń jìyà rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò ní iná tó lè tan ọ̀nà. Fìtílà elépo àti àbẹ́là, irú èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ni wọ́n so mọ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ará ọ̀nà rí ọkọ̀ lọ. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ kò fi í rí nǹkan kan. Kábáàdì ló kọ́kọ́ yí èyí padà. Ní 1892, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Spray ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Thomas Willson ń wá bí yóò ṣe rí alumíníọ̀mù yọ nínú iná ìléru rẹ̀, ni òkúta kan bá jáde tí kò retí. Bí omi ṣe kàn án, ó ń tú gáàsì tó ń gbiná. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù pánẹ́lì-bítà nílẹ̀ wa mọ òkúta yẹn dáadáa. Aláwọ̀ eérú ni. Wọ́n á kó o sínú agolo irin, wọ́n á bu omi sí i, gáàsì rẹ̀ á gba inú rọ́bà lọ síbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò kan. Ohun tó wà lára ọkọ̀ ayé ìgbà náà gan-an nìyẹn. Omi ń kán tó, tó, tó sórí kábáàdì nínú ìkòkò kékeré kan, gáàsì ń gba inú páìpù lọ sí iwájú ọkọ̀, awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì, á ṣáná sí i. Ọwọ́ iná rẹ̀ funfun, kò tóbi, atẹ́gùn kì í sì í tètè pa á. Kíkéré tó kéré yìí ló jẹ́ kí awo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ, kí ó sì jù ú sọ́nà jíjìn.

Gáàsì náà ní ewu tirẹ̀. Láti 1904 ni Carl Fisher àti James Allison ti ń di í sínú sílíńdà ní Indianapolis, tí wọ́n ń tà á lórúkọ Prest-O-Lite, kí awakọ̀ má bàa máa fi ọwọ́ po kábáàdì mọ́. Ọjà náà tà wàràwàrà, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wọn bú gbàmù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Iná mànàmáná ti ń kanlẹ̀kùn láti 1898, nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ Columbia ní Hartford fi gílóòbù síwájú ọkọ̀ wọn. Èédú ni okùn inú gílóòbù ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá sì já sí kòtò, ó lè já pẹ̀lú. Ìgbà tí William Coolidge rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fa tungsten di okùn tín-ín-rín ní ilé iṣẹ́ General Electric, ní nǹkan bí 1910, ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Irving Langmuir, tí òun náà wà níbẹ̀, fi gáàsì kún inú gílóòbù kí okùn náà má bàa tètè ṣàn dànù. Ní 1912, Cadillac gbé ọkọ̀ jáde tí Charles Kettering ti fi bátìrì, jẹnẹrétọ̀ àti ohun tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí sí. Ní 1913 Bosch ní Jámánì ń ta iná, jẹnẹrétọ̀ àti ohun tó ń ṣàkóso rẹ̀ pa pọ̀. Láti ìgbà náà ni kábáàdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé.

Ọkọ̀ àwọn ará oko kò tètè jẹ nínú oore yìí. Ford Model T, tó jáde ní 1908, ni ọkọ̀ ọ̀nà búburú ayé ọjọ́un: ó ga nílẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń la ẹrẹ̀ kọjá. Nígbà tí Ford fún un ní iná mànàmáná ní 1915, kò fi bátìrì sí i. Inú mágínẹ́tò ẹ́ńjìnnì ni iná ti ń wá tààrà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, iná á mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ń rọra fà á gba inú iyanrìn tàbí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kọjá, ní àkókò tó nílò ìmọ́lẹ̀ jù lọ, iná á rẹ̀ wálẹ̀ tìkẹ̀tìkẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ tẹ jíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì lè ké, kí wọ́n lè rí iwájú. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé títí di òní, ìyà kan náà ló ń jẹ jíìpù: ìwọ̀n iná tó ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù kì í tó ohun tó yẹ kó jẹ́.

Bí iná ṣe ń lágbára ni ìṣòro mìíràn ń yọjú, ìyẹn ojú ẹni tó ń bọ̀. Ní 1924, Osram ní Jámánì gbé gílóòbù Bilux jáde. Okùn méjì ló wà nínú gílóòbù kan ṣoṣo: ọ̀kan fún fúùlù, ọ̀kan fún dímù. Lábẹ́ okùn dímù ni wọ́n fi ife irin kékeré kan sí, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa dé ìdajì ìsàlẹ̀ awo dídán. Ìmọ́lẹ̀ okùn yìí tó bá kan òkè awo, ilẹ̀ ló ń dà sí. Èyí tó bá kan ìsàlẹ̀ awo, ojú ọ̀run àti ojú èèyàn ló ń dà sí. Ife irin náà kò ju èékánná lọ, òun ló sì ń gba awakọ̀ ìkejì lọ́wọ́ ìfọ́jú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà ní tirẹ̀. Láti 1940, iná róbótó kan náà ni gbogbo ọkọ̀ tuntun wọn ń lò: ínǹṣì méje ní fífẹ̀, okùn, awo àti gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tí wọ́n lẹ̀ pa. Bí okùn bá já, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń jù nù. Eruku kò ráyè wọlé, omi kò ráyè wọlé, awo kì í sì í dípẹtà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀ǹda bátánì mìíràn, 1983 ni wọ́n tó gbà kí iná tó ní gílóòbù yíyọ wà. Àwọn kan kórìíra òfin yìí pé ó dí ọwọ́ àwọn tó ń ya ọkọ̀. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe jíìpù lóore tó o. Ihò róbótó ínǹṣì méje yẹn tàn ká ayé: ó wà níwájú Land Rover, ó wà níwájú Land Cruiser 40 tó jáde ní 1960, ó wà níwájú G-Wagon tí Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1979, ó sì wà níwájú ọ̀pọ̀ Jeep Wrangler. Iná tó bá wọ inú ọ̀kan lè wọ inú ìkejì.

Ogun àgbáyé kejì ló bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Willys àti Ford ń ṣe jíìpù ológun láti 1941, wọ́n sì so iná iwájú rẹ̀ mọ́ àgbékọ́. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lóru, ológun á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yí iná náà padà sẹ́yìn, á sì tan ìmọ́lẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an, ó sì dùn mí pé wọn kò fi í sí jíìpù òde òní. Land Rover jáde ní ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní oṣù kẹrin 1948, pẹ̀lú iná tó fara pa mọ́ sẹ́yìn asẹ́ irin iwájú kí igi má bàa fọ́ ọ. Ẹ̀yìn bí ogún ọdún ni wọ́n tó gbé iná náà bọ́ sí etí méjèèjì. Nílẹ̀ wa, àwọn awọ̀nlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn oníṣègùn tó ń lọ sí abúlé kò ní ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n fọkàn tán tó o.

Halogen dé ní àárín gbùngbùn ọ̀rúndún ogún. Elmer Fridrich àti Emmett Wiley, àwọn òṣìṣẹ́ General Electric, gba ẹ̀tọ́ àwárí rẹ̀ ní 1959. Nínú gílóòbù lásán, tungsten ń fò kúrò lára okùn díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, gíláàsì á dúdú, okùn á tín-ín-rín títí yóò fi já. Bí wọ́n bá fi áyódíìnì tàbí brómíìnì díẹ̀ sí i, á gbá tungsten tó fò náà mú, á sì dá a padà sórí okùn. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ àfi tí gílóòbù bá gbóná gidigidi, ìdí nìyẹn tí gílóòbù halogen fi kéré tí wọ́n sì fi dígí tó le koko ṣe é. Ìdí nìyẹn náà tí rìwáyà tó mọṣẹ́ fi máa ń fi áńkáṣíìfù di í mú nígbà tó bá ń fi í sí i. Òróró ìka tó bá kan dígí náà á gbóná lójú kan ju ibi yòókù lọ, gílóòbù á sì kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi H1 sínú ọkọ̀ ní 1962. Ní 1971 ni H4 dé, olókùn méjì bíi Bilux, pẹ̀lú ife irin rẹ̀. Ó wọ inú ilé ínǹṣì méje wọ̀ọ̀, ó sì di iná jíìpù káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ìdíje Paris sí Dakar bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1978, halogen ni àwọn awakọ̀ ń tò síwájú ọkọ̀ wọn láti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Lára ọkọ̀ Faransé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí òfin ilẹ̀ wọn fi dandan lé iná aláwọ̀ ìyeyè láti nǹkan bí 1937 títí di 1993.

Iná xenon, tí BMW kọ́kọ́ fi sí ọkọ̀ ní 1991, kọjá lórí jíìpù láì fi ohun púpọ̀ sílẹ̀, àfi àṣà burúkú kan: kí èèyàn ra xenon olówó pọ́ọ́kú, kí ó ki í bọ ilé H4.

LED ní tirẹ̀ ti pẹ́ láyé. Nick Holonyak ṣe èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa ní 1962, ọdún kan náà tí halogen wọ inú ọkọ̀. Ohun tó dá a dúró ni àwọ̀ búlúù. Láìsí búlúù kò lè sí funfun, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì fi wá a. Ní ìparí 1993, Shuji Nakamura ní ilé iṣẹ́ Nichia, ní ẹkùn Tokushima ní Japan, fi LED búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa han aráyé. Òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Bí wọ́n bá fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè bo LED búlúù, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde á funfun. Lexus LS 600h fi LED ṣe iná dímù ní 2007, Audi R8 sì fi í ṣe gbogbo iná iwájú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọkọ̀ olówó ìgboro ni. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe odindi iná LED róbótó ínǹṣì méje, tó ń wọ inú Land Rover tó ti lo àádọ́ta ọdún láìfi ayùn kan ara ọkọ̀.

Wàyí o, èwo ló sàn fún jíìpù? Gílóòbù H4 ń jẹ wáàtì 55 ní dímù, ó ń fúnni ní nǹkan bí 1,000 lúmẹ̀nì. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ, ooru ló ń fi ṣe. Iná LED tó dára ń jẹ ìdajì rẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye fọ́ọ̀tì ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Nínú Land Rover Defender àtijọ́, inú súwíìsì ni gbogbo iná fúùlù àti dímù ń gbà kọjá, kò sí rìlé kankan lójú ọ̀nà, wáyà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bí fọ́ọ̀tì tó dé ìdí gílóòbù olókùn bá dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín ní nǹkan bí ọgbọ̀n. Ohun tó ń ṣe Model T ní 1915 náà nìyí. Pátákó kékeré tó ń ṣàkóso LED kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Fọ́ọ̀tì ìbáà lọ sókè, ìbáà wálẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ fi ti ọ̀nà gbágungbàgun kún un. Okùn tungsten tó ti gbóná tán rọ̀, ìjàgbà tí kò dáwọ́ dúró sì ń já a. LED kò ní okùn kankan.

Ooru ni ọ̀tá LED. Iwájú rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn lè tù ú. Bí ẹrẹ̀ bá gbẹ mọ́ irin yẹn, tí oòrùn ọ̀sán sì ti na bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ á kúrú. Ní ilẹ̀ oníyìnyín, tútù tí iwájú rẹ̀ tutù yìí ń dá wàhálà sílẹ̀, yìnyín kì í yọ́ lójú rẹ̀. Nílẹ̀ wa, àǹfààní ni, torí gíláàsì gbígbóná tó ṣàdédé wọ inú odò lè sán. Ní ti eruku àti ọyẹ́, àwọn tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ìyeyè ń la eruku kọjá ń sọ àsọdùn. Eruku ń dá gbogbo àwọ̀ padà bákan náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èyí tó funfun dé ibi tó fi ń bì sí búlúù máa ń ta ojú ẹni lára ju èyí tó pọ́n díẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, LED tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju 5,000 Kelvin lọ ni mo máa yàn. Nígbà ọyẹ́, ẹ má tan ọ̀pá iná orí òrùlé. Eruku tó wà láàárín iná náà àti ọ̀nà á funfun bíi aṣọ tí wọ́n ta síwájú yín.

Gbogbo èyí, iná LED odindi ni mo ń sọ, èyí tó ní ilé tirẹ̀. Gílóòbù LED tí wọ́n ń ta láti fi rọ́pò H4 nínú ilé H4, ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Awo dídán ilé náà, wọ́n ṣírò rẹ̀ fún okùn tín-ín-rín kan tó wà lójú kan pàtó, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ yípo ara rẹ̀. LED jókòó lórí pátákó pẹlẹbẹ, apá ọ̀tún àti òsì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí. Bí pátákó náà bá nípọn díẹ̀ jù, tàbí ife irin rẹ̀ kò jókòó síbi tí ti Bilux ti ń jókòó, ìmọ́lẹ̀ á tú ká. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á rí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ tó mọ́ bí ọ̀sán, inú rẹ̀ á dùn. Ọ̀nà jíjìn, níbi tí màlúù tàbí igi wíwó wà, kò ní ìmọ́lẹ̀ tó, ojú ẹni tó ń bọ̀ á sì fọ́. Èyí ń bí mi nínú, nítorí ní ọ̀nà tóóró tí kò ní iná ojú pópó, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí awakọ̀ kò fi ríran tó láti gbẹ̀mí ẹlẹ́sẹ̀ tó ń rìn létí ọ̀nà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Brítéènì mọ̀ pé láti oṣù kìíní 2021, ìlànà àyẹ̀wò ọkọ̀ ibẹ̀ kò gba kí èèyàn ki LED bọ ilé halogen. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan. Jámánì fọwọ́ sí gílóòbù LED ti Osram ní 2020, ṣùgbọ́n kìkì fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti dán an wò nínú ilé iná wọn. Ìlànà yẹn ló tọ́ lójú mi, torí gílóòbù àti ilé ni wọ́n jọ yẹ̀ wò. Lára gíláàsì iná H4 tó bá òfin Yúróòpù mu, ẹ ó rí lẹ́tà E nínú òbìrí àti HCR nítòsí rẹ̀: H fún halogen, C fún dímù, R fún fúùlù. Iná tí a kọ HCR sí, halogen ni kí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra odindi iná LED, ẹ wá E náà lára rẹ̀. Èyí tí kò ní àmì kankan, tí páálí rẹ̀ ń ka lúmẹ̀nì rẹpẹtẹ, tó ń mú rédíò ọkọ̀ ké ṣíṣì bí ẹ bá ti tàn án, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fún ẹni tó ń rin oko lóru nígbà gbogbo, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ní ihò róbótó ínǹṣì méje, odindi iná LED tó ní àmì tọ́ sí owó tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi gílóòbù LED tu ara rẹ̀ nínú. Kí rìwáyà fi rìlé méjì àti wáyà tó nípọn sí i láti ìdí bátìrì, kí ó yọ ìpẹtà ìdí gílóòbù, kí ó sì fi H4 tuntun sí i. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ dúró níwájú ògiri lálẹ́ kí ẹ wo ìlà dímù: kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí gíga tí iná náà wà, pàápàá bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ náà sókè tàbí kó ẹrù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní 2023, Toyota kéde Land Cruiser 70 tí wọ́n tún ṣe, wọ́n sì dá ojú róbótó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n LED ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú jíìpù tí àwọn ará oko fọkàn tán jù láyé ti yàn. Bó bá pẹ́ bó bá yá, tòkunbọ̀ rẹ̀ á gba Kútọnu àti Àpápá wọlé, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe á wá délẹ̀. H4 wà ní ṣọ́ọ̀bù rìwáyà ní ìlú kékeré gbogbo. Bí pátákó inú iná LED bá jóná, odindi iná ni wọ́n ń pàrọ̀. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá rìwáyà jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wọn máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú pátákó bẹ́ẹ̀ wò, bí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti ń ṣe. Ní báyìí ná, ẹni tó bá yọ H4 ínǹṣì méje rẹ̀ láti fi LED sí i, kí ó má tà á. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn LED yìí ń lò. Bí ọ̀kan bá kú lọ́nà Òkè-Ògùn, H4 tó wà nínú búùtù á padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú sukudíráfà lásán.